Kí A Tó Gun Òkè Adó

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará ẹgbẹ́ wa sọ ní Ìbàdàn, nígbà tí a ń múra ìrìn àjò wa sí Adó-Awáyè.)

Alága wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí a jọ fi ẹfun kọ̀wé sára pátákó títí a fi fẹ̀yìn tì, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ tẹ̀ lé wa wá, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí a kò rí láti ìpàdé oṣù tó kọjá, a dúpẹ́ pé ojú tún ra rí.

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe gun òkè Adó, ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, ṣé òkè tí àwọn ọmọdé ń sáré gùn la fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lé lórí? Inú kò bí mi. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo gbé wá síbí. Ṣé òkè kékeré tó ohun tí à ń jókòó gbìmọ̀ lé lórí? Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo àwọn tó ń lọ gun Kilimanjaro ní Tansanía, òkè tó ga tó mítà 5,895. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń múra. Wọ́n á rí dókítà, wọ́n á gba amọ̀nà, wọ́n á ra bàtà, wọ́n á mọ ọjọ́ tí wọ́n máa gòkè àti ọjọ́ tí wọ́n máa sọ̀. Àwa tí òkè tiwa kò gbà ju wákàtí kan lọ, sìlípáàsì la máa ń wọ̀ lọ. A ó fi ike omi kan sọ́wọ́, a ó ní ṣebí òkè yìí náà ni. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́: kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan, torí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí nígbà náà, ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn. Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú náà tí kò ga rárá. Ẹni tó bá dúró lọ́jà ń rí ewúrẹ́ tó ń jẹko lórí rẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọ mọ́kànlélógójì, pé kí a lọ wo bí akọ òkúta ṣe ń bó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. A jẹun ọ̀sán tán kí a tó gbéra, aago mẹ́ta ti kọjá. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé, kí ló wà níbẹ̀? Ìṣẹ́jú ogójì la fi gùn ún. Inú àwọn ọmọ ń dùn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń nawọ́ sí òrùlé ilé bàbá wọn nísàlẹ̀. Mò ń ṣàlàyé, wọ́n ń béèrè, mò ń dáhùn. Ìgbà tí mo máa wo aago, ó ti di mẹ́fà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilẹ̀ wa kì í fi àkókò ṣòfò bó bá fẹ́ ṣú. Oòrùn á wọ̀, kó tó di ìdajì wákàtí, ẹ ò ní rí ọwọ́ yín mọ́. Tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, tèmi ni, bátìrì rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ fi eré sá gòkè lọ́sàn-án, ìdí ni wọ́n ń fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́. A dé ìsàlẹ̀, mo kà wọ́n. Ogójì. Mo tún wọn kà. Ogójì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ta ni kò sí níbẹ̀? Mi ò mọ̀. Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kí a tó gbéra. Orúkọ tó bá ti sọ sí mi lọ́kàn ni mò ń pè nínú òkùnkùn, àwọn kan ń jẹ́, àwọn kan ń sunkún, ó sì pẹ́ kí a tó mọ ẹni tó kù. Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Okùn sálúbàtà rẹ̀ ló já. Ó jókòó kó so ó, àwọn tó kù sì kọjá lára rẹ̀, torí kò sí ẹni tí mo yàn pé kó máa kẹ́yìn. Ọdẹ kan tó ń lọ sígbó ló fi iná orí rẹ̀ rí i lórí àpáta, aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù. Ojú kan ló jókòó sí jẹ́ẹ́. Ó ní bàbá òun ti kọ́ òun pé bí òun bá sọ nù, kí òun má ṣe rìn mọ́. Ọgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló yọ wá lọ́jọ́ náà.

Èmi ni mo mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò bú mi. Ó bu omi, ó ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, kò wojú mi. Títí di òní, bí mo bá rántí ìyá yẹn pẹ̀lú abọ́ omi níwájú rẹ̀, ọkàn mi máa ń wúwo.

Kí ni òkè yẹn ṣe fún wa? Kò ṣe wá ní nǹkan kan. Kò sí òkúta tó yí lù wá, kò sí ejò tó bù wá jẹ. Aago tí mi ò wò, orúkọ tí mi ò kọ, ẹni tó yẹ kó kẹ́yìn tí mi ò yàn, àwọn ló fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ mi.

Òkè tí à ń lọ

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo òkè Adó fúnra rẹ̀. Láti Mọníyà ní Ìbàdàn sí Ìṣẹ́yìn jẹ́ kìlómítà 65. Láti Ìṣẹ́yìn, ó tún ku nǹkan bí ogún kìlómítà kí a tó dé Adó-Awáyè. Àtẹ̀gùn tí wọ́n mọ sí ara òkè náà jẹ́ 369. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: ọ̀ọ́dúnrún lé mọ́kàndínláàádọ́rin.

Kí ni 369 jẹ́ fún orúnkún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún? Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a mọ̀ wọ̀n ọ́n. Àtẹ̀gùn inú ilé sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 17. Bí ti òkè bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a fẹ́ gùn tó mítà 63. Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, ga tó mítà 105. Ká dúró nísàlẹ̀ Ilé Kòkó, ká fi ẹsẹ̀ gùn ún kọjá ìdajì, láìwọ ẹ̀rọ agbénirò. Ta ni nínú wa tó ti ṣe ìyẹn lọ́dún yìí? Àtẹ̀gùn orí òkè kì í sì dọ́gba bí ti ilé. Òmíràn ga, òmíràn kúrú, ẹsẹ̀ kì í mọ èyí tó ń bọ̀. Bí àtẹ̀gùn bá tán, àpáta gbalasa ló kàn, a ó ṣì máa rìn.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà wà. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ṣebí Láyípo, ilé gogoro nì, wà ní Òkè Àárẹ̀? Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílùú yìí. Àtẹ̀gùn 47 ló wà nínú rẹ̀, ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 47 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 376. Ẹni tó bá lè gun Láyípo lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kó sì sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ti gun àtẹ̀gùn Adó láìkúrò n'Ìbàdàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ara máa ń gbọ́ ohun tí a bá fi sùúrù sọ fún un.

Akọ òkúta ni òkè Adó, bíi ti Olúmọ ní Abẹ́òkúta, bíi ti òkè Ìdànrè. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dì nígbà láéláé. Òjò fọ ilẹ̀ tó bò ó lọ, òun ló ṣẹ́ kù. Nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ fúyẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí pẹlẹbẹ òkúta tó jọ pé ó lẹ̀ mọ́ ara òkè, tó sì jẹ́ pé kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má fò lé e. Ibi tí omi máa ń gbà ṣàn lára àpáta máa ń dúdú. Nǹkan tó ń hù ló dúdú bẹ́ẹ̀. Bó bá gbẹ, kò sí wàhálà. Bó bá tutù, ó ń yọ̀ bí ilá. Ibi tó mọ́, tó gbẹ, ni kí á máa tẹ̀.

Lókè pátápátá ni adágún Ìyákẹ́ wà, omi tó tẹ́jú lórí àpáta. Ihò Agbómọfúnyákẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ tú orúkọ yẹn wò, ẹ ó mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni àwọn baba wọn fi sọ ọ́. Òkúta Ìṣàgè wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń bẹ̀ nítorí òjò. Ibì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-kan-ayé-ẹsẹ̀-kan-ọ̀run, ọ̀nà tóóró tí ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àwọn onílùú bá sọ ibì kan lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣé ó tún ku àlàyé? Mo bẹ ìgbìmọ̀ wa pé kí a wò ó láti òkèèrè. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ gbọ́ èyí, àmọ́ mo tún un sọ: kí ẹnikẹ́ni má lọ ya fọ́tò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago

Ọ̀rọ̀ mi tó ṣe pàtàkì jù ló dé yìí. Ìgbà wo la máa sọ̀ kalẹ̀?

Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo yín ń retí ni pé kí n sọ ìgbà tí a máa gòkè. Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn nìyẹn. Àmọ́ àwọn àgbà ní bó ti wù kó pẹ́ lórí ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹni tó gun òkè kò tíì lọ ibì kankan títí yóò fi padà dé ìdí rẹ̀. Nítorí náà, láti ìdí òkè la ó ti máa ka aago wa padà sẹ́yìn.

Ní ọdún 1892, ará Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith fi ìlànà kan lélẹ̀ fún àwọn tó ń gun òkè. Ó ní kí a ka wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a bá gùn. Ìlànà dáadáa ni, wọ́n ṣì ń lò ó. Bí a bá fi ṣírò àtẹ̀gùn tiwa, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló máa fi kún ìrìn wa. Ìṣẹ́jú mẹ́fà! Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ní ilẹ̀ olótùútù, ni ìlànà yẹn wà fún. Màmá wa tó jókòó sí iwájú yìí, tó ń rìn nínú oòrùn Òkè-Ògùn, ìṣírò tirẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣírò tirẹ̀ ni gbogbo wa máa tẹ̀ lé. Ẹni tó lọ́ra jù láàárín wa ni aago wa. Wákàtí kan ni mo yà sọ́tọ̀ fún ìgòkè, pẹ̀lú ìsinmi lẹ́yìn àádọ́ta àtẹ̀gùn àádọ́ta. Wákàtí kan náà ni mo yà sọ́tọ̀ fún ìsọ̀kalẹ̀. Àwọn kan rò pé ìsọ̀kalẹ̀ yóò yá ju ìgòkè lọ. Ẹ bi orúnkún yín. Ìgòkè ń gba èémí, ìsọ̀kalẹ̀ ń gba orúnkún, ìgbà tí ara sì ti rẹ̀ tán la máa ń sọ̀.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá la fẹ́ lọ. Mo fara mọ́ ọn. Òjò ti lọ, àpáta ti gbẹ, ọyẹ́ kò sì tíì fi eruku bo ojú sánmà débi tí a kò ní rí nǹkan kan lókè. Lásìkò yẹn, ilẹ̀ máa ń mọ́ ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oòrùn sì máa ń wọ̀ kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ẹ má rò pé a ní ọjọ́ gígùn níwájú o. Láti aago méjìlá lọ, oòrùn á ti dúró sí àtàrí, àpáta á sì ti gbóná dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bó bá ti mú ooru, kì í tètè tú u sílẹ̀.

Nítorí náà, kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ bá wa ní ìdí òkè. Aago mẹ́wàá, a ti wà lókè. Bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ bá lù, ibi yòówù kí a wà, à ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Bí a kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ Ìyákẹ́, a ó yí padà. Bí Ìyákẹ́ bá ku ogún ìṣísẹ̀, a ó yí padà. Àdéhùn tí mo fẹ́ kí a ṣe níbí nìyẹn, nígbà tí ara wa tutù tí a sì jókòó sórí àga, torí lórí òkè lọ́hùn-ún, gbogbo ènìyàn ló máa ń ní, "Ó ku díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ òjò, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú lọ́jọ́ náà, a ò ní gòkè. Bí àrá bá sán nígbà tí a wà lókè, a ó máa sọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lọ dúró lábẹ́ igi tó dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a ti gbọ́ àrá kẹ́yìn kí á tó tún ronú àtigòkè.

Ara wa àti ẹrù wa

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó rí dókítà rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, kó sì lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà bó ṣe máa ń lò ó. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó má fi ebi gun òkè, kí nǹkan dídùn sì wà lápò rẹ̀. Kó sọ fún ẹni tó ń bá a rìn. Ẹ má fi àìsàn pamọ́ fún wa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kan ti ń lo ara rẹ̀ jù? Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bó bá lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, ó ń rìn dáadáa. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, èémí kan, kó jókòó. Bí àyà bá ń dùn ún, tàbí òòyì ń kọ́ ọ, ìrìn rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ náà, ẹni méjì á sì bá a sọ̀ kalẹ̀.

Omi ńkọ́? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Ká ka ọ̀rá kan fún wákàtí kan, ká sì fi ọ̀kan lé e. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ la ó lò, ọ̀rá márùn-ún fún ẹnì kan. Ọ̀rá òfìfo á bá wa padà wálé. Bàtà kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ tán ni kí á wọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jọ́ náà, yóò bó o lẹ́sẹ̀. Fìlà tàbí gèlè fún orí, tọ́ọ̀ṣì méjì fún ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán la máa sọ̀. Ẹ̀yin mọ ìdí tí mo fi ní kí tọ́ọ̀ṣì wà. Lọ́fínńdà olóòórùn líle, ẹ fi í sílé. Oyin fẹ́ràn láti máa gbé inú pàlàpálá àpáta, ẹ má sì pariwo tàbí sọ òkò sí ibi tí ẹ bá ti rí wọn.

Àlejò ni wá

Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Bí a bá dé Adó-Awáyè, a kò ní já lu òkè. A ó kọ́kọ́ kí àwọn onílùú, a ó wádìí lọ́wọ́ wọn bóyá ètùtù kan ń lọ lọ́wọ́ tàbí ọdún kan bọ́ sí ọjọ́ náà, a ó sì gba amọ̀nà láàárín wọn, a ó san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìlú mọ pẹlẹbẹ tó mì. Ó mọ ibi tí oyin wà. Nígbà ogun, orí òkè yẹn ni àwọn baba ńlá wọn sá gùn kí ọ̀tá má bàa rí wọn mú, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá sí abẹ́ Olúmọ. Ilé wọn la ń lọ. A ó bá àwọn tó ń gbàdúrà níbẹ̀, a ó bá àwọn tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rọ ohùn wa sílẹ̀, ká má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ, ká má sì ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ inú omi wọn.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹni méjì méjì la ó máa rìn, ọ̀dọ́ kan pẹ̀lú àgbà kan. Amọ̀nà á wà níwájú. Èmi fúnra mi ni mo máa kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wà lẹ́yìn mi. Ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ bá já, gbogbo wa á dúró. A ó ka ara wa ní ìdí òkè, a ó ka ara wa lókè, a ó tún ka ara wa nígbà tí a bá sọ̀, orúkọ la ó sì máa pè. Ẹnì kan á dúró ti mọ́tò nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà orúkọ yẹn. Bó bá di aago méjì ọ̀sán tí kò rí wa, kó lọ bá àwọn onílùú, kó má dúró de fóònù, torí nẹ́tíwọ́kì lè má sí. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò ní gba òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sílé. Iṣẹ́ ìsàlẹ̀ yìí nílò àgbà tó dákẹ́ tó sì ń wo aago.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń lọ, kó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kó tó jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tí a lè pè nílé, àti àìsàn tó bá ní. Mọ́tò máa gbéra níwájú gbọ̀ngàn yìí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Láyípo la ó ti pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, fún ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́. Mo ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé.